Àgbà Wà Lọ́jà, Orí Ọmọ Tuntun Wọ́: Àríwísí Lórí Bí Àwọn Onírédíò Ìgbafẹ́ Ṣe Ń Gba Àlejò

Ní Kérésìmesì ọdún méjì sẹ́yìn, àbúrò ìyá mi tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà wá kí wa nílé. Bí mo ṣe ń bá a tú ẹrù, mo rí ìwé kan tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí, pẹ̀lú lẹ́tà àti nọ́ńbà mélòó kan. Mo ní, "Ọ́ńkù, kí ni ẹ fi èyí ń ṣe?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwé àṣẹ rédíò mi nìyẹn. Mo kàwé, mo ṣèdánwò, mo yege. Ṣùgbọ́n rédíò ọ̀hún ti wà nínú dúrọ́ọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́." Mo bi í pé kí ló dé. Ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, "Mo kí wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kò sí ẹnì kan tó dá mi lóhùn."

Ìyá mi fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ló ní kó lọ máa bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ọmọ Yorùbá ni wá, a sì mọ ohun tí ìkíni jẹ́ láàárín wa. Bí ènìyàn bá wọ agboolé, tó kí àwọn ará ilé, tí gbogbo wọn ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ bí ẹni pé wọn ò rí i, ẹni náà kò ní dúró béèrè omi. Yóò yí padà, kò sì dájú pé yóò tún gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ọ́ńkù mi nìyẹn, nílẹ̀ àjèjì, lẹ́yìn tó ti fi alẹ́ púpọ̀ kàwé nítorí rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ohun tí mo bá rí nípa rédíò yìí, tí mo sì ń bi Ọ́ńkù ní ìbéèrè lórí fóònù. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ ṣe àríwísí rẹ̀ nínú àròkọ yìí. Lójú tèmi, àwọn tó ń ṣe rédíò ìgbafẹ́ ní Amẹ́ríkà mọ bí a ṣe ń ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Ibi tí wọ́n kù sí ni pé bí àlejò bá ti wọlé tán, wọn kì í sábà rántí láti fún un ní àga.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí à ń sọ. Rédíò yìí yàtọ̀ sí èyí tí a fi ń gbọ́ ìròyìn nílé. Ẹni tó bá ní in lè sọ̀rọ̀, ó sì lè gbọ́ èsì. Òfin kò gbà kí a fi ṣòwò tàbí kí a fi polówó ọjà. Ìfẹ́ ìmọ̀, ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ àti ìrànlọ́wọ́ nígbà ìṣòro ni wọ́n ń torí rẹ̀ ṣe é. Ham ni àwọn tó ń ṣe é máa ń pe ara wọn. Ìjọba orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ àti àmì ìpè. Àmì ìpè yìí dà bí nọ́ńbà ọkọ̀, kò sí ẹni méjì tó ń jẹ́ ọ̀kan náà ní gbogbo ayé. Ti Nàìjíríà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N, àjọ NCC ló sì ń bójú tó o. Ní Amẹ́ríkà, àjọ FCC ni.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé eré ọmọdé ni. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, ìjì ńlá tí wọ́n pè ní Maria ba erékùṣù Puerto Rico jẹ́. Iná lọ, òpó fóònù wó, àwọn ènìyàn kò sì lè gbúròó ẹbí wọn. Ẹgbẹ́ Red Cross ti Amẹ́ríkà ní kí ARRL, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ham tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1914, bá àwọn wá 50 ènìyàn tó mọ rédíò lò dáadáa. ARRL wá àwọn tó lọ, wọ́n sì ń fi rédíò wọn gbé iṣẹ́ jáde láti erékùṣù náà. Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú. Ní ọdún 2017 yẹn kan náà, sátẹ́láìtì kékeré NigeriaEduSat-1, tí Yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́ ṣe pẹ̀lú ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Japan, bẹ̀rẹ̀ sí í yí ayé po. Gígùn, fífẹ̀ àti gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ. Ìkànnì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ham ló fi ń ránṣẹ́ wálẹ̀. Nítorí náà, bí àwọn tuntun bá ń wọlé tí wọ́n sì ń jáde, kì í ṣe eré nìkan ni wọ́n ń pàdánù. Ìmọ̀ tí gbogbo ìlú lè nílò lọ́jọ́ kan ló ń lọ bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí n yìn wọ́n níbi tí ìyìn bá tọ́ sí wọn. Ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí gbòòrò gan-an. Ìwé àṣẹ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ń pè ní Technician. Ìbéèrè 35 ni ìdánwò rẹ̀, ẹni tó bá sì gba 26 ti yege. Gbogbo ìbéèrè tí wọ́n lè bi ènìyàn àti ìdáhùn wọn ni wọ́n ti tẹ̀ síta kí ẹnikẹ́ni kà. Kò sí ọjọ́ orí tó kéré jù. Láyé àtijọ́, olùdánwò gbọ́dọ̀ mọ Morse, ìyẹn fífi ohùn gígùn àti ohùn kúkúrú kọ lẹ́tà. Wọ́n yọ ọ́ kúrò fún Technician ní 1991, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò fún gbogbo ìpele ìwé àṣẹ ní 2007. Rédíò ọwọ́ tó dà bí wọkí-tọkí náà ti di ohun tí òṣìṣẹ́ lè rà láìyáwó. Ọ́ńkù mi kàwé fún oṣù kan àbọ̀, ó lọ ṣèdánwò ní Sátidé kan, ó sì yege. Èyí dára púpọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀ lé e ni mo ní ọ̀rọ̀ lé lórí. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo pín in sí.

Àkọ́kọ́ ni bí wọ́n ṣe ń ka ènìyàn. Bí a bá béèrè bóyá rédíò ìgbafẹ́ ń dàgbà ní Amẹ́ríkà, ìdáhùn tí a máa ń gbọ́ ni pé àwọn tó ní ìwé àṣẹ ju 700,000 lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọdún 10 ni ìwé àṣẹ kan fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó gbà á lónìí, tó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó sì ju rédíò sínú dúrọ́ọ̀ lọ́la, wọn yóò máa kà á mọ́ wọn fún ọdún 10. Ní gbogbo ìgbà tí rédíò Ọ́ńkù mi fi wà nínú dúrọ́ọ̀, wọ́n ń kà á mọ́ àwọn tó ń ṣe dáadáa. Ó dà bí olùkọ́ tó ń ka orúkọ nínú ìwé, tí kò gbójú sókè wo àga tó ṣófo. Ohun tí a kò bá kà, a kì í mọ̀ ìgbà tó sọnù. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ òótọ́, ìbéèrè tó yẹ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bi ara rẹ̀ ni pé: nínú àwọn tó yege ní ìlú wa lọ́dún tó kọjá, àwọn mélòó la ti gbọ́ ohùn wọn ní oṣù yìí?

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ìdánwò fúnra rẹ̀. Ìdánwò náà ń béèrè òfin, ó ń béèrè ìmọ̀ iná mànàmáná, ó sì ń béèrè bí ìgbì ṣe ń rìn. Kò sí ibì kankan nínú rẹ̀ tí wọ́n ti ní kí olùdánwò gbé rédíò, kó tẹ bọ́tìnnì, kó sì bá ènìyàn kan sọ̀rọ̀. Ẹni tó yege lè mọ gbogbo ìbéèrè 35 náà, kí ọwọ́ rẹ̀ sì máa gbọ̀n lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ di rédíò mú. Ọ́ńkù ní òun kọ ohun tí òun fẹ́ sọ sórí ìwé lálẹ́ àkọ́kọ́, òun sì kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí òun tó tẹ bọ́tìnnì.

Ibí yìí ni mo ti rí ìdí tí wọn kò fi dá a lóhùn, ẹ ó sì rí i pé ìdí náà yàtọ̀ sí ohun tí òun àti èmi kọ́kọ́ rò. Rédíò ọwọ́ kékeré kì í sábà ní agbára ju wáàtì 5 lọ. Ìgbì rẹ̀ máa ń lọ tààrà, ilé, igi àti òkè sì lè dí i lọ́nà. Nítorí èyí, àwọn ham máa ń gbé ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní ripítà sórí òkè tàbí òpó gíga. Ripítà yóò gba ohùn tó rẹlẹ̀ lórí ìkànnì kan, yóò sì tún un sọ síta lórí ìkànnì mìíràn pẹ̀lú agbára tó ju ti àkọ́kọ́ lọ, kí àwọn tó wà lọ́nà jíjìn lè gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ripítà ló ní ohun kan tó dà bí kọ́kọ́rọ́. Ohùn kan tó rẹlẹ̀ gan-an ni, tí rédíò gbọ́dọ̀ máa fi sábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni. Ẹni tí kò bá ṣètò rédíò rẹ̀ láti máa fi ohùn yìí ránṣẹ́, ripítà kò ní ṣílẹ̀kùn fún un. Yóò máa gbọ́ gbogbo ènìyàn ketekete, kò sì ní sí ẹnì kan tó ń gbọ́ òun.

Bẹ́ẹ̀ ló rí fún Ọ́ńkù mi. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó rò pé wọ́n gbọ́ òun tí wọ́n sì kọ̀ láti dáhùn. Ó tilẹ̀ rò pé bóyá nítorí bí òun ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ni, pé wọ́n mọ̀ pé àlejò ni òun. Ó sọ èyí fún mi pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, mo sì mọ̀ pé òun gan-an ló ń dùn ún jù. Wọn kò gbọ́ ọ rárá. Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yìí wà nínú ìwé tó kà fún ìdánwò, ó sì dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n lórí ìwé, kò mọ̀ ọ́n lọ́wọ́.

Ẹnì kan lè sọ pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ àwọn àgbà níbẹ̀? Ṣé ènìyàn lè dá ẹni tí kò gbọ́ lóhùn? Èyí ló gbé mi dé ọ̀nà kẹta. Àwọn Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe yìí kò sọ pé àgbà náà ló wọ́ orí ọmọ. Ìyá ọmọ ló pọ̀n ọ́n, ọmọ ló sùn, orí ló yẹ̀. Síbẹ̀, àgbà tó wà nítòsí ni wọ́n bi léèrè, nítorí pé ojú rẹ̀ yẹ kó wà lára ọmọ tuntun. Àwọn àgbà nídìí rédíò mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ yìí máa ń da àwọn tuntun láàmú. Ọdọọdún ni wọ́n ń rí i. Àwọn tó ṣe ìdánwò fún Ọ́ńkù mi kí i kú oríire, wọ́n sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó ní, "Mú rédíò rẹ wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kí a jọ ṣètò rẹ̀." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ì bá ti gbà á sílẹ̀.

Mo ti rí oríṣiríṣi ìdí tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ó fà á tí àwọn tuntun kì í fi í dúró. Àwọn kan ní fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì ló pa rédíò. N kò gbà. Ọ́ńkù mi ní fóònù nígbà tó ń kàwé fún ìdánwò náà. Ó mọ̀ pé òun lè pe ìyá mi ní Ìbàdàn lórí WhatsApp láìsí pé òun ṣèdánwò kankan. Ó mọ èyí, ó sì tún lọ sanwó ìdánwò, nítorí pé ohun tí fóònù kò lè fún un ló ń wá: kí ó sọ̀rọ̀ sínú afẹ́fẹ́ kí ẹni tí kò mọ̀ rí sì dá a lóhùn. Fóònù lè ṣàlàyé ìdí tí ẹlòmíràn kò fi wá rárá. Kò lè ṣàlàyé ìdí tí ẹni tó ti wá fi padà lọ.

Àwọn mìíràn ní ìdánwò ló rọrùn jù, pé láyé tí wọ́n ń béèrè Morse, ẹni tó bá jìyà kó tó wọlé kì í fẹ́ jáde. Ọ̀rọ̀ yìí dà bí òótọ́ létí, nítorí a mọ̀ pé ohun tí a bá làágùn fún kì í sú wa bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí yàrá kan bá tutù tí kò sì sí ẹni tó ń kíni nínú rẹ̀, dídín ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kù kò ní mú un móoru. Ohun tí yóò ṣe ni pé yóò dín iye àwọn tó ń wọlé kù. Ìdánwò tó le kò ní kọ́ Ọ́ńkù mi bí wọ́n ṣe ń ṣètò rédíò, bí kò ṣe pé ẹnì kan jókòó tì í.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbìyànjú ọ̀nà tó dára ju èyí lọ. Ìwé àṣẹ àkọ́kọ́ níbẹ̀ ń jẹ́ Foundation. Kí àìsàn COVID tó dé, ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó sídìí rédíò níwájú olùkọ́, kó sì bá ènìyàn sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́. Bí ó bá fi máa gba ìwé àṣẹ, ẹ̀rù àkọ́kọ́ ti kúrò lọ́kàn rẹ̀, ó sì ti mọ ó kéré tán ènìyàn kan. Ní ọdún 2020, nígbà tí gbogbo ènìyàn wà nílé, wọ́n gbé ìdánwò náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, apá ti ọwọ́ sì kúrò níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ní ìdí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ti ibẹ̀ rí ìwé àṣẹ gbà láti inú ilé wọn. Ṣùgbọ́n mo rò pé ohun tí wọ́n yọ kúrò yẹn ló ṣe pàtàkì jù fún àlejò. Bí kò bá lè padà sínú ìdánwò, ó yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ fi ṣe ẹ̀bùn fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yege.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ sí apá kejì pẹ̀lú. Àwọn tuntun ní ẹ̀bi tiwọn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọ́ńkù mi kò lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ kankan, kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tí kò béèrè, ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n rí òun bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Mo mọ ìtìjú yìí dáadáa. Mo ti jókòó nínú kíláàsì ìṣirò rí tí n kò lóye nǹkan kan, tí mo sì ń mi orí bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìtìjú mú kò lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀ ló lè kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ láìsí pé ó pàdánù nǹkan kan.

Bí Ọ́ńkù mi ṣe padà sídìí rédíò jẹ́rìí sí ohun tí mò ń sọ. Lọ́dún tó kọjá, ó rí ọkọ̀ kan níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí níbi iṣẹ́ rẹ̀. Àmì ìpè ham ni wọ́n kọ sójú nọ́ńbà ọkọ̀ náà, nítorí pé ìjọba gbà bẹ́ẹ̀ ní Texas. Ó dúró de ẹni tó ni ín. Bàbá arúgbó kan ló jáde. Ọ́ńkù sọ fún un pé òun náà ní ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dá òun lóhùn rí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni bàbá náà bi í: ṣé ó fi ohùn kọ́kọ́rọ́ sínú rédíò rẹ̀? Lọ́jọ́ kejì, Ọ́ńkù gbé rédíò náà wá. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tí bàbá fi ṣètò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó wọ inú ọkọ̀ tirẹ̀, ó fi rédíò tirẹ̀ pe àmì ìpè Ọ́ńkù mi, Ọ́ńkù sì dáhùn. Ó ní nígbà tí òun gbọ́ àmì ìpè òun lẹ́nu ẹlòmíràn, ṣe ló dà bí ìgbà tí ènìyàn pe orúkọ òun ní àárín ọjà ìlú tí òun kò mọ ẹnì kankan.

Àwọn ham ní orúkọ fún irú bàbá bẹ́ẹ̀. Elmer ni wọ́n ń pè é. Orúkọ ènìyàn ni tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1971, ẹnì kan tó ń kọ̀wé nínú QST, ìwé ìròyìn ARRL, yin ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Elmer tó kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní rédíò. Láti ìgbà náà ni gbogbo ẹni tó bá fa ẹni tuntun lọ́wọ́ ti ń jẹ́ Elmer. Ohun tó dùn mọ́ mi nìyí, pé ọ̀rọ̀ náà wà ní èdè wọn. Wọ́n mọ iyì rẹ̀. Àríwísí mi ni pé wọ́n fi í sílẹ̀ fún oríire. Bí Ọ́ńkù mi bá gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí apá ibòmíràn lọ́jọ́ náà, rédíò rẹ̀ ì bá ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀.

Ohun kejì tí bàbá náà ṣe tún dára ju ti àkọ́kọ́ lọ: ó fún un níṣẹ́. Láti 1933, ní òpin ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù Kẹfà, àwọn ham ní Amẹ́ríkà máa ń gbé rédíò wọn lọ sí pápá, wọ́n á sì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún wákàtí 24. Field Day ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń ya rédíò kan sọ́tọ̀ fún àwọn tuntun níbẹ̀. Bàbá náà ní kí Ọ́ńkù wá máa kọ àmì ìpè gbogbo ẹni tí wọ́n bá bá sọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó kọ ọ́ títí di òru. Nígbà tó di nǹkan bí aago méjì, tí oorun ń kun àwọn àgbà, wọ́n ní kó jókòó sídìí rédíò. Ìgbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ó ti bá àwọn ènìyàn ní ìpínlẹ̀ púpọ̀ sọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà, kò tún sọ fún mi mọ́ pé rédíò sú òun.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé àwọn ètò tó ń fún ènìyàn ní ohun kan pàtó láti ṣe ló ń di àwọn tuntun mú. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní SOTA, tó bẹ̀rẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2002. Ham yóò gun orí òkè, yóò sì bá ó kéré tán ènìyàn mẹ́rin sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀ kí ó tó gba máàkì rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní POTA jọ ọ́, ṣùgbọ́n ọgbà ìtura ìjọba ni wọ́n ń lọ, ènìyàn 10 sì ni wọ́n gbọ́dọ̀ bá sọ̀rọ̀. Nínú àwọn ètò wọ̀nyí, ẹni tó ń pè nílò ẹni tó máa dáhùn. Ohùn ẹni tuntun níye lórí bíi ti ẹni tó ti ṣe é fún 40 ọdún. Àlejò tí a bá ní kó bá wa gbé omi kì í rò pé a kò fẹ́ òun nílé.

Ṣùgbọ́n ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí n tó parí àríwísí mi lórí àwọn ará Amẹ́ríkà, ó yẹ kí n sọ ti ara mi. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì nílé ìwé wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà àkọ́kọ́, àwọn ọmọ JSS1 tó fi orúkọ sílẹ̀ jẹ́ 46. Mo fi inú dídùn kọ orúkọ gbogbo wọn sínú ìwé. Títí sáà náà fi parí, àwa àgbà ẹgbẹ́ là ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Àwa là ń so wáyà, àwa là ń po kẹ́míkà, àwọn ọmọ náà ń dúró lẹ́yìn wa, wọ́n ń na ọrùn. Ní ìpàdé tó kẹ́yìn, méje ló wá. Nínú ìròyìn tí mo kọ fún olùkọ́ wa, mo kọ ọ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ wa jẹ́ 46. N kò purọ́, orúkọ wọn wà nínú ìwé. Ìgbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọ́ńkù mi ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mẹ́ta ni mo ní fún àwọn onírédíò ìgbafẹ́, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó nínú ẹgbẹ́ wa. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tó ní orúkọ dúró fún ẹni tuntun kọ̀ọ̀kan láti ọjọ́ tó yege, kí ó sì rí i pé ó ti bá ènìyàn sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Ẹ fún un níṣẹ́ kékeré kan tí ẹgbẹ́ nílò lóòótọ́, kí ó mọ̀ pé bí òun kò bá wá, àyè òun yóò ṣófo. Ẹ sì máa ka àwọn tí ẹ gbọ́ ohùn wọn, ẹ yé ka ìwé àṣẹ nìkan. Ní sáà yìí, mo pín àwọn ọmọ JSS1 tó kù sí àárín àwa àgbà ẹgbẹ́, ẹni kọ̀ọ̀kan ní méjì tàbí mẹ́ta. Ọ̀kan lára tèmi ló so wáyà bọ́ọ̀bù tó tàn ní ìpàdé tó kọjá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ so ó tán kó tó gbà pé òun ni mo ní kó ṣe é.

Èmi náà fẹ́ gba ìwé àṣẹ nígbà tí mo bá parí ìdánwò WAEC. Ọ́ńkù sọ fún mi pé ìwé àṣẹ Technician gba òun láàyè láti sọ̀rọ̀ lórí apá kan ìkànnì tí wọ́n ń pè ní mítà 10. Nígbà tí oòrùn bá wà ní agbára rẹ̀, èyí tó máa ń yí padà ní nǹkan bí ọdún 11 sí ara wọn, ohùn lórí ìkànnì náà lè sọdá òkun láti Texas dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Ó ti ṣèlérí pé òun yóò máa fetí sílẹ̀ de àmì ìpè mi. Mo ní, "Ọ́ńkù, bí ẹ ò bá gbọ́ mi ńkọ́?" Ó ní, "Màá pè ọ́ lórí fóònù, màá bi ọ́ bí o ṣe ṣètò rédíò rẹ."